Ta ni yóò sin páìpù àtijọ́? Àyẹ̀wò iṣẹ́ ìwádìí àyíká lórí pípààrọ̀ páìpù gáàsì ní agbègbè Abẹ́òkúta

Bí iléeṣẹ́ kan bá fẹ́ pààrọ̀ páìpù gáàsì tó ti gbó, tó sì fẹ́ pa ti tẹ́lẹ̀ tì sínú ilẹ̀, kọnsọ́tánǹtì àyíká ni yóò kọ́kọ́ sanwó fún. Kọnsọ́tánǹtì yìí ni yóò wọ oko, tí yóò bu erùpẹ̀, tí yóò pọn omi odò lọ sí yàrá àyẹ̀wò, tí yóò bá baálẹ̀ àti àgbẹ̀ sọ̀rọ̀, kó tó kọ ìwé tí ìjọba yóò fi pinnu. Iṣẹ́ yìí la gbé sórí òṣùwọ̀n, bó ṣe yẹ kó rí àti bó ṣe sábà máa ń rí, fún ilẹ̀ tó lọ láti Abẹ́òkúta sí Ewékorò, Pápáláńtò, títí dé Ìtókí tí páìpù gáàsì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò rẹ̀. Iléeṣẹ́ símẹ́ǹtì ń lo gáàsì lójú ọ̀nà yẹn, iléeṣẹ́ iná mànàmáná Ọlọ́runṣògo náà ń lò ó. Irin tó wà lábẹ́ ilẹ̀ kì í pẹ́ títí ayé, nítorí náà ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ kò ní tán.

Ká sọ èsì rẹ̀ kó tó di pé ẹ kà á jìnnà: apá tó kan páìpù tuntun, a fún un ní 7 nínú 10. Apá tó kan páìpù àtijọ́, 3 nínú 10. Apá tó kan ará ìlú, 4. Ìwé tó nípọn bíi bíríkì lè ṣàlàyé gbogbo ẹyẹ tó ń fò lójú ọ̀nà náà, kó wá sọ ní gbólóhùn kan pé “páìpù àtijọ́ yóò wà níbi tó wà, wọn yóò sì dí ẹnu rẹ̀.” Gbólóhùn kan náà ló kan àgbẹ̀ jù lọ, torí pé bí àwọn òṣìṣẹ́ bá kó ẹrù wọn lọ tán, páìpù tí wọ́n pa tì ni yóò kù sábẹ́ ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Kí ni wọ́n ń tà gan-an?

Òfin tó gbé iṣẹ́ náà dúró ni òfin àyẹ̀wò ipa iṣẹ́ lórí àyíká, Decree 86 ti ọdún 1992. Àfikún òfin náà ka páìpù tó bá gùn ju kìlómítà 50 lọ mọ́ iṣẹ́ tí àyẹ̀wò kíkún pọn dandan fún. Ẹ̀ka páìpù tó yà lọ sí iléeṣẹ́ kan ṣoṣo lè má tó ìdá márùn-ún ìyẹn. Kọnsọ́tánǹtì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní fi nọ́ńbà yẹn ṣe ibi ìsápamọ́ fún oníbàárà rẹ̀. Kìlómítà mẹ́jọ tó gba àkùrọ̀, odò àti àárín abúlé kọjá lè ṣèpalára ju ọgọ́ta kìlómítà tó gba inú ijù lọ. Yàtọ̀ sí èyí, òfin epo rọ̀bì ti 2021 tí gbogbo èèyàn ń pè ní PIA ti ní kí ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ fi ètò ìtọ́jú àyíká sílẹ̀, àjọ NMDPRA ló sì ń bójú tó irú páìpù yìí. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé páìpù kúkúrú kò nílò ìwé kankan, ẹ má gbà á.

Iṣẹ́ tó pé máa ń gba ìgbà méjì, ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìdí rẹ̀ hàn kedere nílẹ̀ Ẹ̀gbá: àkùrọ̀ tó gbẹ táútáú nínú oṣù kejì ọdún lè kún dé orúnkún nínú oṣù keje, omi inú ilẹ̀ tó wà ní mítà mẹ́rin sì lè gòkè bo páìpù mọ́lẹ̀. Páìpù tí omi ń bò tó tún ń gbẹ, tó tún ń bò tó tún ń gbẹ, máa ń dípẹtà kíákíá ju èyí tó wà nínú omi láìkúrò. Ẹni tó bá wọn ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò tíì rí ìdajì ọ̀rọ̀ náà.

Ibi tí iṣẹ́ wọn ti dára

Lórí páìpù tuntun, ọ̀pọ̀ wọn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé kí wọ́n kó erùpẹ̀ dúdú òkè, sẹ̀ǹtímítà 15 sí 30, sọ́tọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí yangí àti amọ̀ ìsàlẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, kí wọ́n sì dá wọn padà bí wọ́n ṣe wà. Níbi tí wọ́n bá ti da méjèèjì pọ̀, àgbàdo kò ní ṣe dáadáa lórí ìlà yẹn fún ọdún púpọ̀. Ẹ ó rí i láti òkèèrè, ilà pupa kan tó la oko já. Wọ́n máa ń sọ nípa jíjìn kòtò, mítà kan ó kéré tán láti òkè páìpù sí ojú ilẹ̀ lóko, kó tún jìn sí i níbi tí katakata ń kọ ebè.

Ibi tí òkúta wà ló ń dán wọn wò. Láti Abẹ́òkúta sókè, òkúta akọ ló wà nísàlẹ̀, irú èyí tí Olúmọ jẹ́. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ewékorò, òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe símẹ́ǹtì lẹ ó bá. Nínú òkúta akọ, ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀ lásán kò ní gbẹ́ ẹ. Wọn yóò fọ́ ọ pẹ̀lú ẹ̀rọ alùkúta, tàbí kí wọ́n fi dáínámáìtì sí i. Ìwé tó péye gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n ya fọ́tò gbogbo ilé tó wà nítòsí, ògiri kan lẹ́yìn òmíràn, kí wọ́n sì wọn gbogbo ibi tó ti sán tẹ́lẹ̀, kó tó di ọjọ́ tí dáínámáìtì yóò dún. Láìsí fọ́tò yẹn, onílé yóò ní ìgbà yìí ni ògiri òun là, agbaṣẹ́ṣe yóò ní ó ti là tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè jẹ́rìí. Lẹ́yìn náà ni iyanrìn: wọ́n ní láti tẹ́ iyanrìn tó tó sẹ̀ǹtímítà 15 sábẹ́ páìpù àti yí i ká kí ẹnu òkúta má baà ha ọ̀rá tí wọ́n fi wé e. Ibi tí ọ̀rá náà bá ti bó, bó ti wù kó kéré mọ, ibẹ̀ ni ìpẹtà yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí wọ́n sábà ń fò ni omi àfidánwò. Páìpù tuntun kò ní gba gáàsì kí wọ́n tó rọ omi kún un, kí wọ́n sì fún un ní prẹ́ṣọ̀ tó ju èyí tí yóò máa fi ṣiṣẹ́ lọ, ó kéré tán ìlọ́po 1.25. Páìpù oní-íǹṣì 12 ń gba nǹkan bíi lítà 73,000 ní kìlómítà kan. Kìlómítà mẹ́wàá, lítà 730,000 nìyẹn. Níbo ni wọn yóò ti fa á? Bí ó bá jẹ́ odò kékeré ni, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n lè fa á gbẹ mọ́ àwọn tó ń bomi rin ẹ̀fọ́ lọ́wọ́. Níbo ni wọn yóò dà á sí? Omi náà ti gbé ìpẹtà àti ìdọ̀tí ìjórin lọ́wọ́, wọ́n sì lè ti po oògùn tó ń pa kòkòrò aifojúrí mọ́ ọn. Ìwé tó dára yóò dárúkọ odò, yóò kọ iye lítà tí wọ́n lè fà ní wákàtí kan, yóò sì ní kí wọ́n yẹ omi náà wò kí wọ́n tó dà á díẹ̀díẹ̀ gba orí koríko gbígbẹ tàbí asẹ́ kọjá. Bí ẹ kò bá rí iye lítà nínú ìwé, wọn kò tíì ronú kàn án.

Odò Ògùn ńkọ́? Bí páìpù yóò bá gba abẹ́ odò ńlá kọjá, wọ́n máa ń lu ihò gba ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ń fi amọ̀ olómi tí wọ́n ń pè ní bentonite ṣe é kí ihò náà má baà dí. Nínú òkúta tó bá sán, amọ̀ yìí lè bá ojú sísán jáde sínú odò. Kì í ṣe májèlé, ṣùgbọ́n ó lè bo ẹyin ẹja, ó sì lè dí asẹ́ àwọn tó ń fa omi nísàlẹ̀ odò. Ìlú Abẹ́òkúta ń mu omi Odò Ògùn láti ilé-omi Arakanga, nítorí náà ìwé gbọ́dọ̀ sọ bóyá òkè ilé-omi ni wọ́n ti ń lu ihò tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀, àti ẹni tí wọn yóò pè láàárín ìṣẹ́jú mélòó bí amọ̀ bá yọ.

Páìpù àtijọ́

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń bu erùpẹ̀. Àṣà tó wọ́pọ̀ ni láti bu ti sẹ̀ǹtímítà 0 sí 15 àti 15 sí 30. Èyí dára fún ọ̀rọ̀ ọ̀gbìn. Ṣùgbọ́n páìpù náà wà ní mítà kan sísàlẹ̀! Ohun tó bá jò láti ara rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, ìsàlẹ̀ ló wà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí páìpù àtijọ́ ti ṣe sí ilẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ́ dé mítà kan àbọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáàfù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí omi inú gáàsì máa ń rọ́ sí, àti níbi tí wọ́n ti máa ń fi pig sínú páìpù tí wọ́n sì ń yọ ọ́. Pig yìí ni irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gbá inú páìpù. Ibi tó bá ti ń jáde ni ìdọ̀tí ti ń dà sílẹ̀. Kí wọ́n wá epo inú gáàsì níbẹ̀, kí wọ́n wá mẹ́kúrì, nítorí gáàsì àdánidá kan máa ń gbé e wá.

Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè tó yẹ kó gba orí ìwé kan gbáko: ṣé kí wọ́n hú u ni tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀? Kò sí ìdáhùn kan fún gbogbo ilẹ̀. Híhú túmọ̀ sí kòtò tuntun, igi tí wọn yóò tún gé, ilẹ̀ tí wọn yóò tún dà rú. Fífi í sílẹ̀ dín ìyẹn kù, ó sì dín ìnáwó kù, èyí ló fà á tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ fi ń yàn án. Èrò tiwa ni pé kí wọ́n pín ojú ọ̀nà náà sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n sì dá ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́jọ́: kí wọ́n hú u níbi tí kò bá jìn sílẹ̀, níbi tí ọ̀gbàrá ti ṣí i síta, àti níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé; kí wọ́n fi í sílẹ̀ lábẹ́ odò, lábẹ́ ọ̀nà ọlọ́dà àti lábẹ́ reluwé. Ìwé tó bá fi gbólóhùn kan yan ọ̀nà kan fún gbogbo kìlómítà rẹ̀ kò yẹ kó rí òǹtẹ̀ gbà.

Kí wọ́n tó gé páìpù, gáàsì tó wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde. Ká ṣírò rẹ̀ lórí páìpù oní-íǹṣì 12 tó gùn ní kìlómítà 10, tí prẹ́ṣọ̀ rẹ̀ jẹ́ 50 bar. Bí wọ́n bá ṣí fáàfù kí gbogbo rẹ̀ fẹ́ lọ sójú ọ̀run, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 25 ti methane, ìyẹn gáàsì tó pọ̀ jù nínú gáàsì àdánidá, ni yóò lọ. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, methane ń mú ayé gbóná ní ìlọ́po bíi 28 ju afẹ́fẹ́ carbon dioxide lọ, nítorí náà bí ẹni tú tọ́ọ̀nù 700 ti ìyẹn sáfẹ́fẹ́ ló rí. Ohun tó ń dun wá ni pé ó rọrùn láti dín in kù. Kí wọ́n ti fáàfù òkè, kí iléeṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀ máa jó gáàsì tó kù nínú páìpù lọ títí prẹ́ṣọ̀ yóò fi dé 5 bar. Ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ti di iná àti símẹ́ǹtì nìyẹn, ìdá kan ló kù láti dáná sun tàbí láti tú jáde. Ẹ wá ìṣirò yìí nínú ìwé. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ bèèrè rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọn yóò ti pig gba inú rẹ̀ kọjá kí omi, epo àti lúúlúú dúdú tó wà níbẹ̀ lè jáde. Lúúlúú dúdú yìí léwu: irin àti imí-ọjọ́ (sulphur) ló dàpọ̀ di í, bó bá gbẹ tó sì pàdé afẹ́fẹ́, ó lè gbiná fúnra rẹ̀. Ṣe ni wọ́n ń mú un tutù, tí wọ́n ń rọ ọ́ sínú àgbá, tí wọ́n sì ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ìdọ̀tí eléwu. Kì í ṣe ohun tí wọn yóò dà sínú kòtò kí wọ́n sì fi erùpẹ̀ bò.

Ìgbà yìí ni wọn yóò fi náítírójìn, afẹ́fẹ́ tí kì í gbiná, gbá gáàsì tó kù jáde. Methane máa ń gbiná bó bá wà láàárín ìdá 5 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́. Ohun tí wọ́n ń lé ni kí ẹ̀rọ tó ń wọn gáàsì kà kéré sí ìdá kan nínú mẹ́wàá ti ààlà ìsàlẹ̀ yẹn, ìyẹn 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí wọ́n dúró di ọjọ́ kejì kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n, torí pé epo tó lẹ̀ mọ́ ara páìpù máa ń tú èéfín sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó sì tan iná ìjórin lè rí ìjàǹbá. Ohun kan wà tí ará ilé kì í mọ̀: gáàsì inú sílíńdà tí a fi ń dáná máa ń rọ̀ sílẹ̀, a sì ti fi òórùn sí i. Gáàsì àdánidá máa ń gòkè ni, èyí tó wà nínú páìpù ńlá sì lè má ní òórùn kankan. Imú kò tó láti fi ṣọ́ ọ. Bí ewé ẹ̀gẹ́ bá ń pọ́n ní ilà tààrà lórí páìpù nígbà tí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, gáàsì lè ti gba ipò afẹ́fẹ́ ní gbòǹgbò rẹ̀.

Gígé rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ nínú. Aṣọ tí wọ́n fi wé páìpù àtijọ́ pẹ̀lú ọ̀dà lè ní asbestos nínú, ìyẹn òkúta oníféré tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Kí wọ́n yẹ ẹ́ wò ní yàrá àyẹ̀wò kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹ̀rọ ha á. Bó bá wà níbẹ̀, omi ni wọ́n ń fi rin ín, ọ̀bẹ ni wọ́n ń fi bó o, ọ̀rá onílọ̀ọ́po méjì ni wọ́n ń dì í sí.

Dídí ẹnu páìpù méjèèjì nìkan kò tó, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ sì nìyẹn. Bó pẹ́ bó yá, irin yóò lu ihò. Omi yóò wọlé lókè, yóò sì bá inú páìpù sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni gba gọ́tà. Páìpù tí a pa tì lè fa omi inú àkùrọ̀ kan gbẹ, kó lọ da á sínú ìpìlẹ̀ ilé ẹlòmíràn nísàlẹ̀ òkè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ gé e sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n sì dí i ní òkè àti ìsàlẹ̀ gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ní bèbè méjèèjì gbogbo odò, àti ní etí méjèèjì gbogbo àkùrọ̀. Lábẹ́ ọ̀nà àti reluwé, kí wọ́n rọ símẹ́ǹtì olómi kún inú rẹ̀ pátápátá kí ilẹ̀ má baà rì. Fún páìpù oní-íǹṣì 12 lábẹ́ ọ̀nà tó fẹ̀ ní mítà 30, símẹ́ǹtì olómi tó tó kúbíìkì mítà méjì lé díẹ̀ ló ń gbà. Fún ti oní-íǹṣì 36, ó lé ní 18. Kí wọ́n máa rọ ọ́ láti ibi tó rẹlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa jáde lókè. Iye tó wọlé gbọ́dọ̀ tó iye tí wọ́n ṣírò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àyè òfìfo kan wà níbẹ̀.

Iná ààbò tún wà. Iná kékeré ni wọ́n ń gbà sára páìpù kó má baà dípẹtà, ìwọ̀n tí wọ́n ń fẹ́ sì jẹ́ mínọ́ọ̀sì 850 mìlífóòtì ó kéré tán. Bí wáyà bá ṣì so páìpù àtijọ́ mọ́ tuntun, ti àtijọ́ tó ti bó yóò máa mu iná náà, ìpẹtà yóò sì máa jẹ tuntun. Tuntun á wá gbó láìtọ́jọ́ nítorí pé wọ́n gbàgbé láti gé wáyà kan. Níbi tí òpó iná ńlá bá sì bá páìpù rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, páìpù tí wọ́n pa tì lè gba iná láti òkè. Kí wọ́n fi wáyà so ó mọ́ ilẹ̀ dáadáa kí iná náà lè wọlẹ̀ lọ.

Owó àti àkọsílẹ̀

Ní Amẹ́ríkà, òfin gáàsì àdánidá ti 1938 kò gbà kí iléeṣẹ́ tó ń gbé gáàsì láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn pa páìpù rẹ̀ tì láìgba àṣẹ; FERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ agbára, ló ń fún wọn ní àṣẹ náà lónìí. Àṣẹ fún tuntun ọ̀tọ̀, àṣẹ fún pípatì ọ̀tọ̀. Ní ti Nàìjíríà, PIA ti 2021 ní kí iléeṣẹ́ máa fi owó pípatì pamọ́ sínú àpò ọ̀tọ̀ ní báǹkì nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ. Ìwé àyẹ̀wò àyíká tí kò bá mẹ́nu ba owó yìí ti fi ibi tó nípọn jù sílẹ̀.

Ìdí tí a fi fún wọn ní 4 lórí ọ̀rọ̀ ará ìlú ni èdè. Òyìnbó ni ìwé náà máa ń jẹ́. Ìjọba máa ń pàtẹ rẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ 21 kí ará ìlú lè kà á kí wọ́n sì fèsì, ó lé díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ta ni yóò ka á ní Ewékorò nínú àwọn tí ilẹ̀ wọn wà níbẹ̀? Ojú ewé mẹ́wàá ní Yorùbá, pẹ̀lú àwòrán ọ̀nà, kò ní gba kọnsọ́tánǹtì ní ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tó bá ń sanwó iṣẹ́ náà sì lè kọ ọ́ sínú àdéhùn láti ọjọ́ kìíní.

Bí ẹ bá fẹ́ fèsì láàárín ọjọ́ 21 náà, ẹ má kọ pé ẹ kò fẹ́ páìpù. Ẹ kọ pé ẹ fẹ́ mọ kìlómítà wo ni wọn yóò hú àti èyí tí wọn yóò fi sílẹ̀, ibi tí wọn yóò ti dí i, iye tọ́ọ̀nù gáàsì tí wọn yóò tú, ẹni tí yóò máa rin ojú ọ̀nà náà wò lọ́dọọdún lẹ́yìn náà, àti iye ọdún tí yóò fi ṣe é. Ìbéèrè tó ní nọ́ńbà nínú ṣòro láti fi ọ̀rọ̀ dídùn dáhùn.

Kí wọ́n sì fi máàpù páìpù àtijọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà GPS gbogbo ibi tí wọ́n gé àti ibi tí wọ́n dí, ẹ̀dà kan ní ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀dà kan lọ́wọ́ baálẹ̀. Àwọn tó ń ra irin àlòkù yóò wá a kiri, wọn yóò sì fẹ́ fi iná gé e. Ẹni tó ń gbẹ́ bọ́hòlù kì í ka ìwé àyẹ̀wò àyíká; baálẹ̀ ló máa ń bi léèrè ibi tí òun lè gbẹ́.